Lápútọ́ọ̀pù Olówó Pọ́ọ́kú Tí Mo Yẹ̀ Wò

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wá àléébù ọjà. Ilé-iṣẹ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ kì í ra àga kan kí n má kọ́kọ́ jókòó lé e, wọn kì í sì í ra kẹ́túlù kí n má kọ́kọ́ se omi nínú rẹ̀. Bí ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù bá ń han létí jù, èmi ni wọ́n máa pè. Ẹlẹ́nu Abẹ́rẹ́ ni àwọn ará ọ́fíìsì ń pè mí lẹ́yìn, wọ́n rò pé n kò mọ̀. Mo mọ̀, kò sì dùn mí. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń bú náà ni wọ́n máa wá kiri nígbà tí aṣọ wọn bá ya.

Nítorí náà, nígbà tí àbúrò mi obìnrin fẹ́ ra lápútọ́ọ̀pù, kò sí ẹni tó bèèrè ta ni yóò bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo ilé ń pe àbúrò mi yìí, torí pé bí o bá kí i láàárọ̀, kó tó dá ọ lóhùn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò bá ẹnu rẹ̀ rìn. Bí ó bá ń tẹ̀wé, bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù ló ń dún. Ilé-iṣẹ́ kan tó máa ń tẹ ọ̀rọ̀ tí àwọn dókítà bá gbà sínú ẹ̀rọ ń wá òṣìṣẹ́ tí yóò máa ṣiṣẹ́ láti ilé, wọ́n sì ti pè é fún ìdánwò. Ọjọ́bọ̀ ni. Inú ilé wa ni yóò ti ṣe é, lórí lápútọ́ọ̀pù tirẹ̀. Òfin wọn kò ní àánú nínú: bí ẹ̀rọ rẹ bá kú lágbedeméjì, wọn yóò kà á sí pé o ti dìde kúrò nídìí ìdánwò, wọn kò sì ní pè ọ́ mọ́.

Jẹ́jẹ́ ti fi iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí àrùn rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ kọlu Bàbá wa, torí Màmá ti lọ, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ wà nílé. Iṣẹ́ tí èèyàn lè jókòó sílé ṣe kò wọ́pọ̀. Ó fẹ́ iṣẹ́ yìí débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í yára sọ̀rọ̀.

Ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹ̀rí-Ọkàn la lọ. Ó gbé ọ̀kan kalẹ̀ níwájú wa, dúdú, tẹ́ẹ́rẹ́.

"Àǹtí, ẹ̀rí-ọkàn mi ò ní gbà kí n tàn yín," ó ní. "Olówó pọ́ọ́kú ni, àmọ́ kì í ṣe ọjà burúkú."

"Ẹ jẹ́ kí n fojú ara mi rí i," mo ní.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò bí mo ṣe ń yẹ ọjà ọ́fíìsì wò. Ojú rẹ̀ ṣú díẹ̀. Bí o bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wàá fún ojú pọ̀ kí o tó rí ohun tó wà níbẹ̀. Kámẹ́rà rẹ̀ sọ mí di ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àìsàn. Okùn ṣájà kúrú. Bí o bá ṣí ohun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á kọ́kọ́ rò ó wò kó tó dá ọ lóhùn, mo sì sọ fún Jẹ́jẹ́ pé ó ti rí ìbejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì rẹ̀ dára. Ó jinlẹ̀ dáadáa, ó ń ta padà sí ìka, lẹ́tà kan kì í jáde lẹ́ẹ̀mejì. Bátìrì rẹ̀ náà kò ṣe ọ̀lẹ: Ẹ̀rí-Ọkàn jẹun, ó fọ ọwọ́, ó tún bá oníbàárà mìíràn ná ọjà títí, síbẹ̀ kò tíì lọ sílẹ̀ púpọ̀. Ohùn rẹ̀ ló wú mi lórí jù lọ. Mo fi ọ̀rọ̀ dókítà kan sí i, ó sì ń dún ketekete bí ẹni pé ọkùnrin náà jókòó tì wá.

"Àléébù tí a lè bá gbé ló ní," mo sọ. "Ojú tó ṣú kò ní kí ìka má ṣiṣẹ́."

Ìka Jẹ́jẹ́ ti wà lórí bọ́tìnnì ná. "Eléyìí," ó ní, kíá. Mo wo ojú rẹ̀ bóyá òun ló sọ̀rọ̀ lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Bàbá wa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín. Oníṣẹ́ awọ ni. Àpò, bẹ́líìtì, àpótí ìrìn-àjò, kò sí èyí tí kò ṣe rí. Ó ní ìlànà kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: kò sí ohun tó ń kúrò lọ́wọ́ òun kí ó má ní awọ nídìí. Ó ní ojú ọjà ni oníbàárà ń wò, ìdí rẹ̀ ni oníṣẹ́ máa ń fi ìmẹ́lẹ́ pamọ́ sí. Ó gbé ìlànà náà wọ ilé. Nílé wa, kò sí ohun tí ìdí rẹ̀ wà níhòòhò. Rédíò wọ awọ nídìí, àga wọ awọ lẹ́sẹ̀, agogo orí tábìlì gan-an ò gbẹ́yìn.

Ìgbà tí àìsàn mú un, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó ti ń gbéra díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ó ń gbọ̀n. A kó irin iṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí, a gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí Bàbá ṣe tí a kò yìn. Ó di bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, a ní "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá!" Ó gbé ṣíbí dé ẹnu, a ní "Ó ga o, Bàbá!" Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, mo ti di ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó mu omi.

Nígbà tí a gbé lápútọ́ọ̀pù náà délé, ó jókòó sí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo ka gbogbo dáadáa rẹ̀ àti àléébù rẹ̀ fún un, bí mo ṣe máa ń kà á fún ọ̀gá mi.

"Ìdí ẹ̀ ńkọ́?" ó bèèrè.

"Bàbá, ti lápútọ́ọ̀pù yàtọ̀. Kò sí iṣẹ́ kankan nídìí ẹ̀."

Ó gbà á, ó fi ọwọ́ òsì yí i dà. Ó fi ìka tọ ọ́ lọ, ó tọ ọ́ bọ̀, ó mi orí. "Wọn ò parí ẹ̀," ó ní.

Mo ti wọ kíṣìnì lọ nígbà náà. "Ẹ ṣeun, Bàbá," mo ké padà, torí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń dá a lóhùn sí gbogbo nǹkan.

Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi lápútọ́ọ̀pù náà kọ́ ọwọ́. Ọjọ́ bíi mélòó kan kọjá, mo gbọ́ ohùn dókítà yẹn láti inú yàrá rẹ̀, ohùn náà sì ti wọlẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí. Mo ní kí ló dé. Jẹ́jẹ́ ní òun ò mọ̀, òun á kúkú máa fi íápíìsì sétí. Mo kùn díẹ̀, mo fi sílẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí mo wà níbi iṣẹ́, ó pè mí lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. Ó dákẹ́. "Ó ti kú."

"Ta ló kú? Jẹ́jẹ́! Ta ló kú?"

"Lápútọ́ọ̀pù."

Mo bú u lọ́jọ́ náà, n kò tíì tọrọ àforíjì. Nígbà tí mo délé, mo tan ẹ̀rọ náà, mo jókòó tì í. Ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bí áyọ́ọ̀nù, ojú rẹ̀ ṣú pátápátá, ó kú. Ó tutù, ó jí, ó tún kú. Bàbá ń wò mí láti orí àga rẹ̀.

"O ò rí nǹkan kan lára ẹ̀?" ó bi mí.

"Mo rí i, Bàbá. Olè ló tà á fún wa."

Ó yíjú sí fèrèsé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, tí ìdánwò ku ọ̀la, mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo fi lápútọ́ọ̀pù náà sínú àpò, mo gba ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀rí-Ọkàn lọ. Mo kó ọ̀rọ̀ sẹ́nu bí ẹni kó òkò. Ẹsẹ̀ mi kan kò tíì wọlé tán tí mo ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀rí-ọkàn yín dà? Ṣé irú ọjà yìí lẹ máa ń tà fún ọmọ yín? Ẹni tó fọwọ́ ba ẹ̀rọ yìí jẹ́, ọwọ́ ẹ̀ ti kú! Kò yẹ kí wọ́n jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan mọ́!"

Ọkùnrin náà kò bá mi jà. Ó gbà á, ó tan án, ó dúró kó gbóná. Lẹ́yìn náà ó gbé irú rẹ̀ mìíràn láti orí pẹpẹ, ó kọ ìdí àwọn méjèèjì sókè, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nídìí ti orí pẹpẹ, ihò tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀, bí eyín òòyà, àwọn kan sì tún wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ìdí tiwa dán, ó dúdú, kò ní ihò kankan.

"Ó jọ pé irú tuntun nìyí, Àǹtí," ó ní. "N ò rí irú ẹ̀ rí. Àmọ́ ibí ni ẹ̀rọ ti ń mí, ibí náà ni ohùn ti ń jáde. Ta ló wá dí i?" Ó gbé imú sún mọ́ ọn. "Awọ nìyí! Iṣẹ́ yìí mọ́ o, wọ́n ṣe é bí ẹni pé láti ilé-iṣẹ́ ló ti wá." Ó na ọwọ́ mú abẹ, ó fẹ́ ṣí i.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Mo fi ìka mi tọ etí awọ náà. Wọ́n ti fá a títí ó fi tẹ́, débi pé ìka kò lè mọ ibi tí ike parí sí àti ibi tí awọ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń fá etí awọ báyìí. Wọ́n ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Bàbá mi ni mo sọ ọ́ lù. Èmi fúnra mi ni mo la ẹnu, tí mo sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ti kú.

Mo jókòó sórí páálí tó wà nílẹ̀, omi sì bọ́ lójú mi níwájú ọkùnrin náà. Inú mi bàjẹ́ torí ohun tí mo sọ. Inú mi tún dùn, torí pé Bàbá ti ṣiṣẹ́. Kò ṣe é rí láti ìgbà tó ti ṣàìsàn, ó sì ti ṣe é kí a tó mọ̀.

"Ẹ má bínú," mo sọ fún Ẹ̀rí-Ọkàn. "Ẹ̀rọ yín ò ní ẹ̀bi. Ilé wa ni wàhálà náà ti wá."

"Ẹ̀rí-ọkàn mi ti dárí jì yín," ó ní, ó sì ti ń wá ibi tí yóò fi abẹ rẹ̀ sí.

Nínú kíṣìnì ni mo ti ká Jẹ́jẹ́ mọ́. Mo gbé ìdí lápútọ́ọ̀pù náà sí i lójú. Kò yà á lẹ́nu.

"Ṣé o mọ̀ ni?"

Ó ronú. "Mo mọ̀ pé Bàbá ló ṣe é. Ọjọ́ tí mo lọ ra oògùn wọn ni. Mo bá wọn lórí àga, àpótí irin iṣẹ́ wà nílẹ̀, n ò mọ bí wọ́n ṣe gbé e sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń yẹ ọjà wò, àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa rí i." Ó tún ronú. "N ò mọ̀ pé òun ló ń pa á."

Ó dùn mí wọ egungun. Bàbá ti ń dúró láti ọjọ́ yìí kí n yí ẹ̀rọ náà dà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń retí lẹ́nu mi, mo sì ń rojọ́ olè fún un.

"Tẹ́tí," mo sọ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Tí wọ́n bá sùn lọ́sàn-án, a máa rọra ṣí i kúrò. Wàá ṣe ìdánwò rẹ lọ́la, tó bá di ọ̀túnla a máa lẹ̀ ẹ́ padà. Wọn ò ní mọ̀."

Jẹ́jẹ́ dákẹ́, ó dákẹ́ títí mo fi rò pé ó ti gbà. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ẹ rántí obìnrin tó gbé àpò fún oníbàtà yẹn?"

Mo rántí. Obìnrin kan ra àpò lọ́wọ́ Bàbá, okùn rẹ̀ gùn jù. Ojú ń tì í láti sọ, ó gbé e fún oníbàtà kan ní òpópónà kejì kó bá a gé e. Bàbá gbọ́. Odindi ọ̀sẹ̀ ni kò fi túra ká. "Ṣé mo ti kú ni?" ló ń wí ṣáá. "Iṣẹ́ mi ò dára, wọn ò sì sọ fún mi. Ṣé mo ti kú ni?" Láti ọjọ́ náà ni ó ti máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ra ọjà rẹ̀ pé kí ó má ṣe gbé iṣẹ́ òun fún ẹlòmíràn, kí ó wá ráhùn sí òun létí.

"Èmi ni mo fẹ́ ṣe ìdánwò," Jẹ́jẹ́ ní. "Tó bá bàjẹ́, iṣẹ́ mi ló lọ. Àmọ́ n ò ní ṣe wọ́n bí òkú."

A jọ jáde lọ bá a.

Mo gbé lápútọ́ọ̀pù náà lé e lẹ́sẹ̀, ìdí rẹ̀ lókè. "Bàbá, oníbàárà dé," mo ní.

Ojú rẹ̀ là. "O ti wá rí i."

"Mo rí i. Mo pẹ́ kí n tó rí i. Iṣẹ́ náà mọ́, Bàbá, àmọ́ àwọn ihò tó wà nídìí ẹ̀rọ yìí ni imú ẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń mí. Awọ ti dí i nímú, òun ló ń pa á."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹ̀rọ náà. "Mo rò pé wọn ò parí ẹ̀ ni," ó ní nígbà tó yá. Ohùn rẹ̀ kéré. Mo fẹ́ la ẹnu láti sọ pé kò sí nǹkan kan, kò ṣe nǹkan kan, Jẹ́jẹ́ sì já mi ní èékánná.

"Ọ̀la ni ìdánwò?" ó bi Jẹ́jẹ́.

"Ọ̀la ni, Bàbá."

"Ẹ gbé àpótí mi wá."

Mo ní bóyá kí a ṣáà yọ ọ́ kúrò ná, kí a fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Níhòòhò?" ó ní.

Jẹ́jẹ́ pa ẹ̀rọ náà. Bàbá fi aṣọ gbígbóná lé awọ náà títí gọ́ọ̀mù fi rọ̀, ó sì ṣí i kúrò lódindi, kò ya. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí àwọn ihò wà. Ó tẹ́ awọ sórí pákó, ó fi ọwọ́ ọ̀tún tó ń gbọ̀n dì í mú, ó fi ọwọ́ òsì mú ọ̀bẹ àti ìlu tó fi ń lu awọ. Ó gé ọ̀kan, ó sinmi. Ó gé òmíràn, òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níwájú orí rẹ̀. Ìgbà kan, mo na ọwọ́ láti bá a di awọ náà mú.

"Ṣé ìwọ loníṣẹ́ ni?" ó ní. Mo ká ọwọ́ mi kò.

Ní apá ọ̀tún, níbi tí ohùn ti ń jáde, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ọ̀bẹ sì yà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la rí i. Ó dáwọ́ dúró, ó ń wo ojú wa.

"Ó dára gan-an, Bàbá," Jẹ́jẹ́ sọ.

"Ó dára gan-an," èmi náà sọ.

Ó gé èyí tó kù, ó lẹ awọ náà padà, ó sì ní kí a fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ.

Ní Ọjọ́bọ̀, Jẹ́jẹ́ wọ yàrá, ó ti ìlẹ̀kùn. Èmi àti Bàbá jókòó sí pálọ̀, a ń gbọ́ ìró bọ́tìnnì. Òjò rẹ̀ ń rọ̀ dáadáa. Ó rọ̀ kọjá ibi tí ẹ̀rọ náà ti máa ń kú, mo mọ ibẹ̀ dáadáa, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Lójijì, ó dákẹ́.

Mo dìde.

"Jókòó," Bàbá ní.

"Ó ti kú, Bàbá!"

"Ó ń rò ó ni. Ọmọ mi ni, mo mọ bó ṣe máa ń rò."

Mo dúró sójú kan, n kò jókòó, n kò rìn. Bàbá náà di ọwọ́ àga mú. Òjò tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Jẹ́jẹ́ jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó nu ojú rẹ̀, ó tún aṣọ rẹ̀ tò. Díẹ̀ ló kù kí n fà á lẹ́tí.

"Ó kú?" Bàbá bi í.

"Kò kú, Bàbá. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí mi lọ́wọ́, ó ń bá a lọ." Ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé."

Mo pariwo, mo dì mọ́ ọn, mo jó. Bàbá sunkún díẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí ariwo rọlẹ̀, ó nawọ́ sí lápútọ́ọ̀pù náà, ó kọ ìdí rẹ̀ sókè, ó sì gbé e fún mi.

"Ìwọ ayẹjàwò," ó ní. "O ò tíì sọ ti iṣẹ́ mi."

Mo mọ ohun tí a máa ń sọ. Ó ti wà lórí ahọ́n mi. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí bó ṣe ń wò mí, mo sì gbé ẹ̀rọ náà lọ síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, mo fi ìka mi tọ ọ́ lọ, mo tọ ọ́ bọ̀, bí mo ṣe ń ṣe é fún ọjà ọ́fíìsì.

"Etí ẹ̀ tẹ́ dáadáa," mo ní. "Gọ́ọ̀mù ò yọ sóde. Àwọn ihò àárín dọ́gba." "Àmọ́ ti apá ọ̀tún yìí wọ́, Bàbá. Mi ò lè gba irú ẹ̀ lọ́wọ́ oníṣẹ́."

Jẹ́jẹ́ yí orí padà kíá, ó ń wò mí bí ẹni pé mo gbá àgbàlagbà létí.

"Ó wọ́," Bàbá ní. Ó fa ara rẹ̀ sókè nínú àga. "Láti ìgbà tí mo ti dùbúlẹ̀, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó máa bá mi wí."

Ó gba lápútọ́ọ̀pù náà padà lọ́wọ́ mi, ó sì ní kí n gbé ìlu wá.